ILẸ̀KÙN YUNIFÁSÍTÌ ÀTI ỌMỌ TÁLÁKÀ

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ìlú sọ níbi àpéjọ ọdọọdún Ẹgbẹ́

  

Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ kọ ìwé sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí owó ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, a kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ náà ju tiwa lọ. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ni àwa. A kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì, a kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó mọ ibi tí owó ń gbà wọlé àti ibi tí ó ń gbà jáde. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni ni a ti jáde, ṣọ́ọ̀kì ni ó sì ti wà lọ́wọ́ wa láti ìgbà náà títí di òní yìí. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ro ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀tún àti sí òsì, a rí i pé ohun kan wà tí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà mọ̀, tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Àwọn ọmọ tí ó wọlé ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń rí. Àwa ni a ń bá àwọn tí kò wọlé gbé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀. A kò ní í dárúkọ rẹ̀, nítorí ọmọ ìlú yìí ni. Ìyá rẹ̀ ń ta gàrí ní ọjà. Bàbá rẹ̀ ti di olóògbé nígbà tí ọmọ náà wà ní kíláàsì kejì. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, kì í dé ilé-ẹ̀kọ́ títí agogo mẹ́wàá yóò fi kọjá, nítorí òun ni ó ń ru ẹrù ìyá rẹ̀ dé ìsọ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, ó yege nínú gbogbo iṣẹ́ tí ó ṣe nínú ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, ó sì gba máàkì tí ó tó nínú ìdánwò JAMB. Yunifásítì ìjọba kan sì gbà á láti kọ́ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ní ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, gbogbo àwọn oníṣòwò tí ó wà ní ìlà ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó jó.

Ìwé ìgbàwọlé náà ní kí ó san owó ìtẹ́wọ́gbà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Owó náà lè má jọ nǹkan lójú ẹni tí ó ń gba owó oṣù tí ó nípọn, ṣùgbọ́n ó ju èrè tí gàrí ń mú wá fún oṣù mẹ́ta lọ. Èsúsú tí ìyá náà ń dá kò sì tí ì kàn án. Ó tọ̀ wá wá ní òru. A ní kí ó fọkàn balẹ̀, nítorí ọ̀kan nínú Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ ti Ẹgbẹ́ yìí ni àwa, Ẹgbẹ́ sì ní owó tí a yà sọ́tọ̀ fún ìrànlọ́wọ́ àwọn ọmọ wa.

Ìgbìmọ̀ jókòó. A ṣí ìwé òfin wò. Òfin wí pé ẹni tí ó bá ti lo ọdún kan ní yunifásítì, tí èsì ìdánwò rẹ̀ sì dára ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ni ó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó Ẹgbẹ́. Ọmọ yìí kò tí ì lo ọjọ́ kan níbẹ̀. A ní kí ó lọ wọlé ná, kí ó sì padà wá bá wa ní àmọ́dún. Àwa ni a kọ lẹ́tà náà, àwa ni a sì fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì pé, àyè náà lọ. Ní ọdún yẹn kan náà, ọmọ mẹ́ta ni a fún ní owó Ẹgbẹ́. Ní ojúde ilé àwọn méjì nínú wọn, ọkọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Wọn kò jalè, wọn kò sì purọ́. Òfin wa ni ó gbé owó náà fún wọn. A sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ara wa ni a wá rò ẹjọ́ rẹ̀ lónìí.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò lọ jìnnà. Láti ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ gírámà títí dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì, ìrìn kan wà níbẹ̀ tí kò sí ẹni tí ń san owó rẹ̀. Ìjọba ń náwó lórí ẹni tí ó ti wọlé. Ẹgbẹ́ wa pàápàá ń náwó lórí ẹni tí ó ti wọlé. Ní ojú ọ̀nà náà ni ọmọ tálákà ń ṣubú sí. Ibẹ̀ ni a ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Ẹgbẹ́ gbé owó rẹ̀ lọ.

OHUN TÍ ÀWỌN BÀBÁ WA ṢE

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ kò ṣàjèjì sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ní ọdún 1934 ni Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe dá ilé-ẹ̀kọ́ gírámà sílẹ̀ ní Iléṣà. Ní 1938, ẹgbẹ́ àwọn ará Ìbíbíò, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ wa, dá owó jọ, wọ́n sì fi rán ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́fà lọ sí òkè òkun láti lọ kàwé. Ní 1943, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Ọ̀fà dá ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ti ìlú wọn sílẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà. Ọdún 1948 ni ti Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó dá owó wọ̀nyí ni kò mọ ìwé rárá. Àgbẹ̀ ni wọ́n, aláṣọ ni wọ́n, alágbẹ̀dẹ àti oníṣòwò ni wọ́n. Wọ́n fi owó wọn ṣe ọ̀nà tí àwọn fúnra wọn kò ní í tọ̀.

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, owó-orí àwọn ará ìlú àti owó kòkó ni ìjọba náà gbójú lé. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ gbin kòkó mọ bí ó ti rí: iye tí ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó ń san fún àgbẹ̀ kì í tó iye tí òkè òkun ń san, ìjọba a sì máa fi nínú èrè tí ó kù ṣe iṣẹ́ ìlú. Nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ sì gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní 1962, owó ìlú kan náà ni a fi dá a sílẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ ọmọ àgbẹ̀ kan bá ń béèrè àyè ní yunifásítì lónìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní alágbe. Bàbá bàbá rẹ̀ ti san nínú owó ilé náà kí a tó bí i.

OWÓ ÌJỌBA LÁTI ỌDÚN 1972

Ní ọdún 1972, ìjọba àpapọ̀ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa yá akẹ́kọ̀ọ́ ní owó. Ní 1977, wọ́n mú owó ilé-ẹ̀kọ́ kúrò ní àwọn yunifásítì, inú gbogbo òbí sì dùn. Ṣùgbọ́n ní 1978, wọ́n fi owó kún owó oúnjẹ àti ti ibùgbé. Oúnjẹ ọjọ́ kan tí ó jẹ́ 50 kọ́bọ̀ di náírà kan ààbọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárígá káàkiri orílẹ̀-èdè, ẹ̀jẹ̀ sì ta sílẹ̀. Ẹ kíyè sí ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀: a lè mú owó ilé-ẹ̀kọ́ kúrò ní ọ̀tún, kí oúnjẹ àti ibùsùn sì ti ilẹ̀kùn kan náà ní òsì.

Láti 1979 títí di 1983, ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel, ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú UPN gbìyànjú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Púpọ̀ nínú àwa tí a jẹ́ olùkọ́ lónìí jẹ nínú oúnjẹ yẹn, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ológun padà dé. Nígbà tí ó sì di 1986, tí owó náírà bẹ̀rẹ̀ sí í wó lulẹ̀, owó tí ó ń rán ọmọ mẹ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́ kò rán ẹyọ kan mọ́.

Kí ni ó ti wá dé bá ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ti ọdún 1972? Ọ̀pọ̀ tí ó yá owó ni kò san án padà. Ní 1993, ìjọba sọ ọ́ di báńkì ẹ̀kọ́; èyí náà kò lọ jìnnà. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan tàbí méjì nínú àwọn tí ó jẹ gbèsè náà wà ní ìjókòó wa lónìí. A kò ní í na ìka sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ọkàn ẹnìkan bá ń dà á láàmú nítorí owó àtijọ́ yẹn, Akápò Ẹgbẹ́ wà níhìn-ín, yóò sì fi tayọ̀tayọ̀ gbà á fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí.

Ní 1993 kan náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó-orí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, náírà méjì nínú ọgọ́rùn-ún náírà èrè wọn. Owó yìí ti kọ́ ilé púpọ̀. Ẹ kò lè wọ inú yunifásítì ìjọba kan kí ẹ má rí ilé tí a kọ orúkọ TETFund sí lára. A dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ilé ni, kì í ṣe owó ọkọ̀. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni, kì í ṣe oúnjẹ alẹ́. Bákan náà, a ń wí pé yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n owó ìforúkọsílẹ̀ wà, owó ìdánwò wà, owó yàrá àyẹ̀wò wà, owó ibùgbé wà. Ní 2023, àwọn yunifásítì kan sọ owó wọ̀nyí di ìlọ́po-ìlọ́po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

ÒDE ILẸ̀ WA ŃKỌ́?

Ẹnìkan lè wí pé, kí ìjọba mú gbogbo owó yìí kúrò, kí ọ̀rọ̀ sì tán. Yóò ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò ní í tán. Ẹ wo ilẹ̀ Brazil, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ ti bí sí i, pàápàá ní Bahia. Yunifásítì ìjọba kì í gba owó ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀ fún ọdún pípẹ́, àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀, tí òbí wọn ti san owó ńlá ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà aládàáni, ni ó ń gba púpọ̀ jù nínú àyè ọ̀fẹ́ náà, nítorí àwọn ni a ti múra sílẹ̀ fún ìdánwò àbáwọlé. Ọmọ tálákà àti ọmọ aláwọ̀ dúdú ń dúró lẹ́yìn. Ní 2012, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin pé ìdajì àyè ní àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àwọn ọmọ tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ìjọba, a sì ya apá kan nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tálákà àti àwọn aláwọ̀ dúdú. Wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀fẹ́ nìkan kò tó. Ó yẹ kí a bojú wo ẹni tí ó ń jẹ ọ̀fẹ́ náà.

Àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù lè sọ apá kejì fún wa. Òfin ọdún 1962 ní England pa á láṣẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ máa gbọ́ bùkátà akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, kí owó oúnjẹ rẹ̀ sì jẹ́ bí agbára òbí rẹ̀ bá ti mọ. Ní 1998 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó tí ó lè tó 1,000 pọ́n-ùn lọ́dún. Ní 2012 ó ti lè tó 9,000 pọ́n-ùn. Gbèsè ńlá ni èyí jẹ́ fún ọ̀dọ́, a kò sì yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n gbé owó náà sí. Ní 2012 yẹn, wọn kò gbé e sí ẹnu ilẹ̀kùn. Ìjọba yá ọmọ náà, ó wọlé, ó kàwé, ó ríṣẹ́, ìgbà tí owó tí ń wọlé fún un bá sì tó iye kan ni yóò máa san án padà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, owó kékeré tí a gbé sí ẹnu ilẹ̀kùn ń lé ọmọ padà ju owó ńlá tí ó wà nínú ilé lọ.

Ẹ̀YÁWÓ TUNTUN

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó ẹ̀kọ́. Òfin àkọ́kọ́ yẹn le fún tálákà. Ó ní kí owó tí ń wọlé fún ìdílé akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe tó 500,000 náírà lọ́dún, ó sì tún ní kí ó mú onídùúró méjì wá, irú bí lọ́yà tí ó ti pé ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́, tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó wà ní ipò kejìlá. Ní ìsọ̀ gàrí, níbo ni a ó ti rí wọn? Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n fi òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì mú àwọn ìdènà wọ̀nyí kúrò. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún náà ni wọ́n ṣí ìforúkọsílẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára. NELFUND ni a ń pe àjọ tí ń bójú tó o.

Ẹ jẹ́ kí a là á yé ara wa, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ni kò tí ì mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ni ó wà fún. Àjọ náà ń san owó tí ilé-ẹ̀kọ́ ń béèrè fún ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá béèrè owó oúnjẹ pẹ̀lú, iye tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni 20,000 náírà lóṣù, tí wọ́n ń san sínú àkáǹtì rẹ̀. Kò sí èlé lórí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá wa àti ìyá wa tí ẹ̀sìn yín kọ èlé, ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí dí ọmọ yín lọ́wọ́. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn tí ọmọ náà bá ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ kí a tó béèrè owó náà. Nígbà náà, ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ yóò máa yọ náírà mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù rẹ̀. Bí kò bá tí ì ríṣẹ́, a kò ní í gba ohun tí kò ní lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àjọ náà mọ̀.

Ohun rere ni èyí, ẹni tí ó bá mọ inú rò yóò mọ ọpẹ́ dá. Síbẹ̀ ó ní ibi tí ó kù sí. Èkíní, ọmọ gbọ́dọ̀ ti gba àyè, kí orúkọ rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, kí àjọ náà tó lè san ohunkóhun. Ta ni yóò san owó fọ́ọ̀mù JAMB? Ta ni yóò san owó ìtẹ́wọ́gbà? Ta ni yóò ra ibùsùn, tí yóò sì san owó ọkọ̀ àkọ́kọ́? Èkejì, wọ́n ń béèrè NIN, wọ́n ń béèrè BVN, orúkọ orí gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Àwa olùkọ́ mọ ohun tí ojú ń rí níbẹ̀. Ọmọ kan a máa jẹ́ Àdùkẹ́ nínú ìwé ìdánwò, yóò sì di Àdùnkẹ́ lórí NIN, nítorí pé ẹni tí ó tẹ orúkọ náà ń kánjú. Àtúnṣe lẹ́tà kan ṣoṣo lè jẹ oṣù méjì. Ẹ̀kẹta, owó oúnjẹ. Ẹni tí ó bá ná ọjà lónìí mọ iye ọjọ́ tí 20,000 náírà lè gbé. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ṣùgbọ́n ebi kò tí ì kúrò. Ẹ̀kẹrin, bí àwọn olùkọ́ yunifásítì bá daṣẹ́ sílẹ̀, bí wọ́n ti ṣe láti oṣù kẹta títí dé oṣù kejìlá ọdún 2020, àti fún oṣù mẹ́jọ ní 2022, ẹni tí ó ní yàrá kì í dáwọ́ owó yàrá dúró. Ọmọ ọlọ́rọ̀ a lọ sílé lọ sinmi. Ọmọ tálákà a wá iṣẹ́, àwọn mìíràn kì í sì í padà.

OHUN TÍ A Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Ohun mẹ́rin ni a ń tọrọ lọ́wọ́ Ẹgbẹ́.

Èkíní ni pé kí a yí òfin wa padà, kí owó Ẹgbẹ́ lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ ní ẹnu ilẹ̀kùn. Kí a yà apá kan nínú mẹ́rin owó ìdá ọdọọdún sọ́tọ̀ fún owó ìtẹ́wọ́gbà àti owó ìforúkọsílẹ̀. Kí a máa san án fún ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, láàrin ọjọ́ méje tí ọmọ bá ti mú ìwé ìgbàwọlé wá, kí a má ṣe dúró de ìpàdé kankan.

Èkejì ni pé, láàrin gbogbo àwọn tí ó yege, kí a kọ́kọ́ fún ẹni tí kò ní í lè wọlé láìsí wa. Àwọn kan yóò wí pé èyí yóò sọ ọmọ di ọ̀lẹ, pé ẹni tí ó mọ ìwé jù ni ó yẹ kí a fún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dáhùn ìbéèrè kan. Ọmọ kan gba máàkì 260, ó ní olùkọ́ méjì nílé àti iná tí kì í kú. Ọmọ kejì gba 230, lẹ́yìn tí ó ti ru gàrí dé ọjà ní gbogbo ọjọ́ ọjà fún ọdún mẹ́fà. Ta ni ó mọ ìwé jù? Kí a fún ọmọ ọlọ́rọ̀ tí ó ṣe dáadáa ní ìwé ìyìn, kí Kábíyèsí bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níwájú gbogbo ìlú. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí owó lọ sí ibi tí owó ti ń dí ọ̀nà. Bí a bá ń wá ẹni tí ó mọ aláìní, ìyálọ́jà wà, ìmáàmù wà, pásítọ̀ wà, baálé àdúgbò wà, olùkọ́ kíláàsì wà. Bí ìdajì wọn bá jẹ́rìí, ó ti tó.

Ẹ̀kẹta kò gba owó púpọ̀. Kí a ní tábìlì kan àti kọ̀ǹpútà kan ní ìlú yìí, níbi tí ọmọ lè wá ní ọ̀sán ọjọ́ méjì láàrin ọ̀sẹ̀, kí a bá a wo NIN rẹ̀ nígbà tí ó ṣì ku ọdún kan kí ó ṣe ìdánwò, kí a sì bá a kún fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó. Àwa olùkọ́ mẹ́rin ti gbà láti máa jókòó níbẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Kí ẹ̀ka kan ní òkè òkun bá wa ra kọ̀ǹpútà náà.

Ẹ̀kẹrin ni pé kí Akápò máa tẹ ìṣirò owó yìí jáde nínú ìwé ìròyìn ọdọọdún wa: iye tí ó wọlé, iye tí ó jáde, iye ọmọ tí ó jẹ nínú rẹ̀, láìdárúkọ ọmọ kankan kí ojú má bàa tì í. Àwọn ará wa tí ń fi owó ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ibi tí ó dé.

Ẹnìkan yóò wí pé iṣẹ́ ìjọba ni gbogbo èyí. Òótọ́ ni, a kò sì gbọdọ̀ tú ìjọba sílẹ̀. Kí Ẹgbẹ́ kọ ìwé sí àwọn aṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí wọ́n bá wa béèrè pé kí yunifásítì di àyè ọmọ tí ó bá ti béèrè ẹ̀yáwó mú títí owó yóò fi dé. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì kò lè dúró de ilé ìgbìmọ̀. Ní ti gbọ̀ngàn ìlú tí a ń kọ́, a kò lòdì sí i, àwa náà ti dá owó tiwa. Kí a sáà rántí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ẹ jẹ́ kí a parí pẹ̀lú ọmọ tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń bá ẹnìkan ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan nínú ìlú yìí, ó sì ti tún ṣe ìdánwò JAMB. Máàkì rẹ̀ ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní oṣù tí ó kọjá, ó kó àwọn ìwé rẹ̀ wá kí a bá òun wò ó bóyá orúkọ orí wọn bá ara wọn mu. Wọ́n bá ara wọn mu. Kò sọ ohunkóhun nípa lẹ́tà tí a kọ sí ìyá rẹ̀, àwa náà kò sì rí ọ̀rọ̀ sọ. Bí yunifásítì bá tún gbà á, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọn yóò tún fún un. Ìpàdé gbogboogbò tí yóò tẹ̀lé èyí sì di àmọ́dún. Nítorí náà, a fi ọ̀wọ̀ bẹ Alága kí ó gbé àtúnṣe òfin náà síwájú ilé ní ọ̀sán yìí, kí a sì dìbò sí i kí a tó lọ jẹun.